Owó Ọ̀nà Marty: Ìyàwó, Òmìnira àti Ilẹ̀ nínú Ìtàn Àròsọ Ìfẹ́ ti Àwọn Onígbàgbọ́ nípa Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà



Nígbà tí mo fi orí-ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ránṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan nínú iṣẹ́ wa bi mí léèrè bóyá ìwé gidi ti tán nílẹ̀ ni. Èmi náà ti wí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé tí ọkọ ti ń gbàdúrà, tí ìyàwó ń sunkún, tí ẹṣin ń ké lẹ́yìnkùlé, kí ni lámèyítọ́ fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a kẹ́gàn ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà ní àkàtúnkà láìtíì ṣí i. Mo ṣí i, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Ìwé tí ó la ọ̀nà fún irú ìtàn yìí lóde òní ni Love Comes Softly, tí Janette Oke, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, kọ, tí Bethany House sì tẹ̀ jáde ní 1979. Ìwé mẹ́jọ ni ọ̀wọ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó tó parí ní 1989. Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Marty àti Clem, ọkọ rẹ̀, ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn láti wá ilẹ̀. Clem kú lójú ọ̀nà, ó fi aya rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún, láìsí owó, láìsí ẹbí nítòsí. Ní ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni àgbẹ̀ kan, Clark Davis, tọ̀ ọ́ wá. Aya tirẹ̀ náà ti kú, ọmọbìnrin kékeré kan, Missie, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Clark kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá. Ọmọ òun ń fẹ́ ìyá, Marty ń fẹ́ ilé, ó parí. Bí ìgbà òtútù bá kọjá tí ó sì wu Marty láti padà sí ìlà-oòrùn, òun yóò san owó ọ̀nà rẹ̀, bí ó bá ti lè mú Missie dání.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí owó ọ̀nà yìí. Òǹkàwé tí ó bá ń kánjú yóò rò pé ọgbọ́n ìsọ̀tàn lásán ni, láti kó àjèjì méjì sábẹ́ òrùlé kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó tí òṣì fipá mú wá ni. Owó ọ̀nà ni ó sọ ọ́ di ohun tí obìnrin náà lè kọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí Marty bá ṣe nínú ilé náà, ó ń ṣe é pẹ̀lú ìmọ̀ pé ọ̀nà wà. Kò mọ oúnjẹ sè. Páńkéèkì ni ó ń gbé síwájú wọn léraléra, adìẹ pípa sì di ogun fún un. Oke fi sùúrù kọ gbogbo èyí, àti ilé títọ́jú, àti ọmọ bíbí. Ìfẹ́ inú ìwé náà kì í ṣe èyí tí ojú rí tí ọkàn fò sókè. Iṣẹ́ ni, lójoojúmọ́. (Àwọn ìyá wa àgbà, tí alárenà ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ ojú ọkọ, kò ní bi wá léèrè ìtumọ̀ àkọlé ìwé náà.) Ìgbàgbọ́ Marty pẹ̀lú ń dàgbà bákan náà, láti inú àdúrà tí ó ń gbọ́ nídìí oúnjẹ. Òtítọ́ ni pé nígbà mìíràn ìwàásù a máa borí ìtàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbà ìrúwé dé, Marty lè lọ, àti nítorí pé ó lè lọ ni dídúró rẹ̀ ṣe ní ìtumọ̀.

Òṣùwọ̀n yìí ni mo gbé lọ sídìí Redeeming Love ti Francine Rivers, tí Bantam tẹ̀ ní 1991, tí Multnomah sì tún gbé jáde ní 1997. Kalifóníà ni ibùdó ìtàn, ní àkókò tí wọ́n ń wa wúrà. Ìtàn wòlíì Hóséà ni Rivers tún sọ. Angel jẹ́ obìnrin tí wọ́n ti tà sínú iṣẹ́ aṣẹ́wó láti kékeré. Michael Hosea, àgbẹ̀, gbọ́ ohùn Ọlọ́run pé òun ni kí ó fẹ́. Nínú Bíbélì, Gómérì kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Rivers fún un ní ẹnu, ó fún un ní ìbínú, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ọ̀nà tí Angel gbà di ìyàwó. Wọ́n ti lù ú dé bèbè ikú nígbà tí ó fi ẹnu gbà. Ta ni yóò wí pé ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀? Ó sá lọ, ọkọ lọ mú un padà, ó tún sá lọ. Òǹkọ̀wé pe èyí ní ìfẹ́ tí kì í rẹ̀. Èmi rí i pé kò sí owó ọ̀nà níbẹ̀. Ó sì dà bí ẹni pé Rivers fúnra rẹ̀ mọ̀, nítorí pé nígbà tí Angel lọ kẹ́yìn, Michael kò lépa rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Angel fi rìn padà, lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti dára jù lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin Homestead ti 1862 fi éékà 160 fún ẹni tí ó bá gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún tí ó sì ro ó. Opó àti obìnrin tí kò lọ́kọ lè gbà nínú rẹ̀. Ìtàn àròsọ ìfẹ́ kì í sábà rántí irú obìnrin bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ ni ó ń wá fún un. Èyí tí ó burú jù ni pé ilẹ̀ náà máa ń dà bí èyí tí kò lólúwa. Ní Kalifóníà, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó bí 150,000 ní 1848. Ní 1870 wọn kò ju bí 30,000 lọ. Àdéhùn 18 ni ìjọba bá wọn ṣe ní 1851 àti 1852, Sẹ́nétì Amẹ́ríkà sì kọ gbogbo rẹ̀ ní 1852. Oko Michael wà lórí ilẹ̀ yẹn, nínú àwọn ọdún yẹn gan-an.

Kí n má ṣe fi igi kan pe gbogbo igbó. Ní 1996 Oke kọ Drums of Change, ìtàn ọmọbìnrin Blackfoot kan, Running Fawn, ẹni tí ìjọba Kánádà kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ tí a pín fún wọn, tí a sì rán òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Onígbàgbọ́ ni òǹkọ̀wé náà síbẹ̀, ìwàásù kò sì tán nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni a ń fi ojú rẹ̀ wo ilẹ̀ níbẹ̀. Ìwé yìí ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn Marty, kí wọ́n kà wọ́n pọ̀.