Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Rí Lára Olùkọ́ Rẹ̀ Lẹ́bàá Ibùsùn Aláìsàn



Àwọn tí yóò di olùkọ́ ni èmi ń kọ́. Ohun tí mo bá sọ, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí mo bá ṣe ni wọn a máa ṣe. Ọ̀ràn náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tí yóò di oníṣègùn.

Kí ilé-ìwòsàn UCH tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ wa ń lọ kọ́ ìtọ́jú lẹ́bàá ibùsùn. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbé ẹ̀kọ́ náà dé Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé láàárín ìlú, kí ó sì rí bí olùkọ́ rẹ̀ ti ń wọ agboolé ẹni ẹlẹ́ni.

Mo sin ìyá arúgbó kan láti Ọjà'ba lọ sí ilé-ìwòsàn kan. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọ̀gá oníṣègùn dé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Kò kí ìyá; ó ṣí aṣọ rẹ̀, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí. Nígbà tí ó lọ tán, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà padà wá wo ọgbẹ́ náà. Ọmọ Bẹẹrẹ ni, ọmọ tí í máa dọ̀bálẹ̀ kí mi lọ́nà! Òun náà kò kí ìyá. Ó ṣí aṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ mìíràn, obìnrin, ló kó wọn wá. Ó kúnlẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ṣé ara ti ń mókun? Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀ yín." Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn ọmọ Bẹẹrẹ náà lẹ́yìn aṣọ ìkélé: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá."

Ẹ̀yin ìjòyè, bí àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn bá wá kí yín, ẹ má bèèrè iye ibùsùn nìkan. Ẹ bi wọ́n pé ta ni àwọn ọmọ wa ń tẹ̀lé kiri níbẹ̀.