Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba Tó Ń Rí sí Òwò: Kí Ló Kàn Wá Níbẹ̀?
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá)

Wọ́n ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ lórí òwò, bóyá nítorí pé ìdí iṣẹ́ báǹkì ni a ti ń jẹun. A kò ní pẹ́, torí òórùn ìrẹsì ti ń wọlé.

Bí a bá dárúkọ iléeṣẹ́ ìjọba yìí, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ìṣíde ńláńlá. Oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣí ilé ìrẹsì Imota tó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, tó sì ṣí èbúté Lekki lápá Ẹ̀pẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kàn wá jù, orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é.

Méjì ni wọ́n: ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, àti ti ìpínlẹ̀ wa ní Aláùsá. Mínísítà àti Kọmíṣánnà a máa dé, wọn a sì máa lọ. Akọ̀wé àgbà àti àwọn òṣìṣẹ́ ọba ló ń di ìwé mú. Abẹ́ ti Àbújá ni CAC wà, tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, àti SON tó ń wò ó bóyá ọjà péye, àti NEPC fún àwọn tó fẹ́ kó ọjà lọ sókè òkun. Wọ́n tún ní ẹ̀ka tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò. (Bí wọ́n bá lè yẹ àwọn kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí wọn wọlé lọ́jà wa wò, àwọn ìyàwó wa á dúpẹ́.) Aláùsá ló ń forúkọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó ọ̀kan nínú wa, tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, rí iléeṣẹ́ kan tó fẹ́ máa ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n béèrè ìwé CAC àti àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ òwò. Kò ní ọ̀kankan. Kó tó sáré ṣètò rẹ̀, ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ náà. Ẹ̀bi yìí kan àwa tí a wà ní báǹkì: a ń jẹ ẹja rẹ̀, a mọ ohun tí wọ́n máa ń béèrè, a kò sì sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé ara wa. Ọdún mẹ́wàá ni a ti ń dá owó, tí a ń yá ara wa. Ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ akápò ni ẹ̀rí wa. Akápò wa kò jí owó o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ọ̀kan nínú wa, tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ rẹ̀? Láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà ní Nàìjíríà, nígbà ayé àwọn àgbẹ̀ kòkó. Èèyàn mẹ́wàá ti tó láti dá ọ̀kan sílẹ̀. A ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lè dúró ní kóòtù, wọ́n á sì máa ṣàyẹ̀wò ìwé owó rẹ̀. Bóyá ìyẹn gan-an ni àwọn kan nínú wa kò fẹ́.

Fọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. A fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó wa tó ń tajà, lẹ́yìn oúnjẹ, àwa tí a wà ní báǹkì máa jókòó sábẹ́ àtíbàbà ẹ̀gbẹ́ géètì. Ẹ mú orúkọ tí ẹ fẹ́ fún òwò yín wá.