Múra Ilẹ̀ Ẹ̀fọ́ Rẹ Sílẹ̀ De Òtútù

Oṣù kẹwàá ti wọlé nílùú London, ewé ti ń wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ẹ̀wà sẹ́yìnkùlé, iṣẹ́ ò tíì parí.

Kí ló ń ba ilẹ̀ jẹ́ nígbà òtútù? Òjò ni. Bí ilẹ̀ bá wà níhòòhò, òjò á fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ò lè dé. Nítorí náà, ẹ bò ó.

Ẹ kọ́kọ́ hú ẹ̀fọ́ tó ti gbó kúrò. Èyí tí àrùn bá mú, ẹ má kó o sórí òkìtì ajílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa sílẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ má wulẹ̀ ro ó; ekòló á fà á wọnú ilẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ pọ̀ ní London: bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó rin gbindin, á dì pọ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè wọ̀ ọ́.

Bí ásíìdì bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀ yín, ẹfun láìmù tí à ń fọ́n sórí ilẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹran, kí náítrójìn má baà fò lọ. Ẹ fi oṣù mélòó kan sáàárín wọn.

Ó ku aáyù. Ìsinsìnyí gan-an ni kí ẹ gbìn ín, torí òtútù ló ń jẹ́ kó pín sí awẹ́ awẹ́.