ILÉ ÌJỌSÌN ÀWỌN ARÁ ṢÁÍNÀ NÍ FILADẸ́LFÍÀ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù

Ní ìpàdé tí ó kọjá, àbúrò wa kan béèrè pé kí ni a ń dáwó lé gbọ̀ngàn lórí ní ìlú tí kì í ṣe tiwa. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà nítorí pé owó ni mò ń kà lọ́wọ́. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn àwọn àlejò mìíràn dá a lóhùn.

Filadẹ́lfíà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí a kà nínú Ìwé Ìfihàn. Ní Amẹ́ríkà ni ó wà. Ní nǹkan bí ọdún 1870 ni ará Ṣáínà kan, Lee Fong, ṣí ilé alágbàfọ̀ sí Òpópónà Race níbẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e, bí ó ti máa ń rí pẹ̀lú àwa náà: ẹnì kan a kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù, kò ní pẹ́ tí àdúgbò yóò fi kún. Ṣùgbọ́n ní 1882 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ náà mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó dàgbà síbẹ̀ láìrí aya mú wá. Ọdún 1943 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ọdún yẹn. Ní 1941, nígbà tí òfin náà ṣì wà, ni ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Àgùdà, kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn ní Òpópónà Vine. Olùràpadà Mímọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Òun ni wọ́n kà sí ilé Kátólíìkì àkọ́kọ́ tí a dìídì kọ́ fún àwọn ará Ṣáínà ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù. Ní New York, àpẹẹrẹ, ilé tí àwọn ará Áílàǹdì àti àwọn ará Ítálì ti lò ṣáájú ni ó wá kàn wọ́n ní Òpópónà Mott.

Kì í ṣe àdúrà nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, nítorí àdúgbò náà há.

Ní 1966 ni ìròyìn dé pé ìjọba yóò la ọ̀nà mọ́tò ńlá gba Òpópónà Vine, pé ilé ìjọsìn àti ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ohun tí wọn yóò wó. Ẹ̀yin tí ẹ ti jí rí ọ̀dà pupa lára ògiri yín rí, ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé kì í ṣe oníjọ nìkan ni ó dìde. Gbogbo àdúgbò ni. Obìnrin kan, Cecilia Moy Yep, wà lára àwọn aṣíwájú. Wọ́n wó ilé yí tirẹ̀ ká, kò jáde. Ní 1969 wọ́n dá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò sílẹ̀. Ní 1973 àwọn ọ̀dọ́ lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń wó ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ̀wé, tí wọ́n ń lọ sí ìpàdé, tí wọ́n sì ń tún ìwé kọ. Akọ̀wé ni mí, mo mọ bí ọwọ́ ti ń ro ni.

Nígbẹ̀yìn, ìjọba dín ọ̀nà náà kù, ilé ìjọsìn sì bọ́. Ní 1991 ni wọ́n parí ọ̀nà náà. N kò ní purọ́ fún yín pé wọn kò pàdánù: ilé púpọ̀ lọ, títì sì wà láàárín ilé ìjọsìn àti ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀. Àwọn òbí ní láti mú ọmọ sọdá. Ṣùgbọ́n ilé náà dúró, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà.

Àbúrò wa tí ó béèrè ìbéèrè wà níbí, mo rí i. Ìwé owó gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ mi. Ti oṣù mẹ́ta ni ó kù lọ́rùn rẹ̀.