Ẹ̀ṣọ́ Tí A Bí Mọ́ Wa

Kí oògùn tó kan ẹnu, ara ti ń jà. Awọ ara ni odi ìlú. Ikun imú àti itọ́ ni oníbodè. Bí ẹ̀gún bá gún ọmọ lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná: àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló ń ya débẹ̀ láti gbé kòkòrò àrùn mì. Ọyún tí a ń rí níbẹ̀, òkú àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, bí ara bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe? Ẹ wo ibà. Ẹnu ẹ̀fọn ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé, á sì yára sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó rí i mú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ kéékèèké ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí a ń pè ní R21 ní Abidjan níhìn-ín, ní ọjọ́ 15, oṣù Keje, 2024. Abẹ́rẹ́ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ àbínibí. Ẹ̀ṣọ́ yìí ló ń gbé ìròyìn abẹ́rẹ́ náà lọ fún àwọn ọmọ ogun ara mìíràn tí kì í tètè gbàgbé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí àkókò abẹ́rẹ́ ọmọ yín bá tó, ẹ má ṣe fi falẹ̀.