Ìṣẹ́jú Mélòó Ni Èrò Ń Dúró?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n tó lè bá wa níbí. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ní Èkó.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ọkọ̀ tuntun, wọ́n á pè wá, a ó ka èyí tí wọ́n tò sílẹ̀, a ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní Kétu láàárọ̀, ṣé iye ọkọ̀ ló ń kà ni, àbí ìṣẹ́jú?

Ẹ bá mi ṣírò kan (tíṣà ìṣirò wa, ẹ má na mí bí mo bá ṣì í). Bí ọkọ̀ 6 bá ń kọjá ní wákàtí kan, tí ọ̀kan ń dé ní ìṣẹ́jú 10 sí èkejì, kò sẹ́ni tí yóò dúró ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ 6 yẹn kan náà bá ń dé ní mẹ́ta-mẹ́ta, èrò lè dúró fún ìṣẹ́jú 30. Epo kan náà, awakọ̀ kan náà! Ẹni tó ní ọkọ̀ 6 kọjá kò purọ́. Èrò tó ní òun ò rí ọkọ̀, òun náà kò purọ́.

Kí ló ń fà á? Dáńfó kì í gbéra ní gáréèjì àfi tó bá kún. Ẹ má bú awakọ̀. Owó wà tó gbọ́dọ̀ kó fún olówó ọkọ̀ lálẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló sì ń kó ọkọ̀ jọ sójú kan. Ìdí rèé tí BRT tó bẹ̀rẹ̀ ní March 2008, láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bíi kìlómítà 22, fi yàtọ̀: wọ́n la ọ̀nà tirẹ̀ sọ́tọ̀ ní apá tó pọ̀ jù. Ọ̀nà yẹn gan-an ni iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀dà ara bọ́ọ̀sì. Níbi tí ọ̀nà náà bá ti parí, òun náà á bá wa wọ súnkẹrẹ.

Ti ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Ìjọba Jakande dáwọ́ lé e, ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ìgbà tó di 4 September 2023 ni èrò tó wọ Blue Line láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé e ti pé 38! Ìdúró nìyẹn náà.

Níbi ayẹyẹ tí mo lọ kẹ́yìn, mo bi ọ̀gá kan pé ìṣẹ́jú mélòó ni èrò yóò máa dúró láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó ní kí n ní sùúrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìbéèrè yẹn dé ọ́fíìsì.