Ìràwọ̀ Náà Ń Bọ̀

Tí dánfó kan bá gbéra ní Òkokomáíkò, tí òmíràn sì ń bọ̀ láti Ìbà, àwọn méjèèjì ló jọ mú ìpàdé yá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú sánmà. Ọkọ̀ Voyager 1 tí Amẹ́ríkà rán lọ ní 1977 ń sáré kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìràwọ̀ Gliese 445 ń sáré ju 100 lọ, ó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí 40,000 ọdún sí i, ọkọ̀ náà yóò sún mọ́ ọn ju oòrùn wa lọ. Ìràwọ̀ ló rin èyí tó pọ̀ jù! Ẹ má rẹ̀wẹ̀sì nínú ààwẹ̀ yín: àánú Ọlọ́run ń yára bọ̀ ju ẹsẹ̀ wa lọ.